Iye Tí Wọ́n Ń San fún Ìyá Ìbejì

Wẹ́dà ni Ìyá Ìbejì. Ó mọ irin jó pọ̀ débi pé àwọn tó dàgbà jù ú lọ máa ń dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Físà òṣìṣẹ́ ló gbé e wọ̀lú, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táǹkì epo ló sì wà lára físà náà. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ọgọ́ta ọjọ́ péré ló ní láti fi wá ọ̀gá mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí tọkọtaya palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n kó àwọn ọmọ padà sí ìlú wọn.

Ọdún kẹrin rèé tí owó-oṣù àwọn onílùú ò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣèpàdé nínú yàrá ìjẹun, ọ̀rọ̀ di iná.

"Àwọn àlejò yìí ló ń fà wá sẹ́yìn!" ni awakọ̀ kireeni tó ń gbé táǹkì sókè wí. "Kí wọ́n máa lọ!"

Bàbá Jẹ́jẹ́, àgbà wẹ́dà tí òun àti Ìyá Ìbejì jọ ń ṣiṣẹ́, yíjú sí obìnrin náà. Onílùú ni bàbá náà, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n ń san fún ọ?"

Ìyá Ìbejì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Etí ọ̀gá wà nínú yàrá yẹn, kò kàn mọ orí ẹni tó wà ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ọmọ mi, bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ẹni dákẹ́."

Ó sọ ọ́. Kò tó ìdajì ohun tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ń gbà. Ó wá yé wọn pé owó pọ́ọ́kú àwọn àlejò ni ọ̀gá fi ń dí tiwọn lọ́wọ́. Awakọ̀ kireeni sorí kọ́. Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá: iṣẹ́ kan náà, owó kan náà.

Láti ìgbà náà, bí fóònù bá dún, Ìyá Ìbejì á kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀gá ni. Bí ọ̀gá bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á gbọ́wọ́ kúrò lórí irin títí ọ̀gá á fi lọ. Ọkọ rẹ̀ ò bínú. Ó kàn kó ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ sínú àpò kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù.

Lóṣù kejì, ọ̀gá gbà. Owó àwọn onílùú gbéra díẹ̀, tirẹ̀ sì bá tiwọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò láti tún físà ṣe, ọ̀gá pè é.

"Kò sí ìjà o. Àmọ́ bí owó bá ti di ọ̀kan, kí ni mo tún ń bá wàhálà ìwé àlejò kiri fún?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ bá a rìn dé ilé-iṣẹ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejìléláàádọ́ta nínú ọgọ́ta náà, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wu ọ̀gá ibẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi kúrò níbi tó o wà?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti lanu. Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Iṣẹ́ ló tán, sà."

Ó gba iye tí wọ́n dá, ó fọwọ́ sí ìwé. Kò bèèrè ohun tí àwọn tó kù ń gbà.

"Irọ́ lo pa yẹn," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jìnnà sí géètì ná."