Ìlú Tó Parọ́rọ́

Ó pẹ́ tí ariwo ti ń bá Alágbàfọ̀ jà. Láàárọ̀, bó ṣe ń lọ aṣọ ilé ìwòsàn ni ẹ̀rọ ń bú ramúramù létí rẹ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù, ilé búrẹ́dì ìsàlẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ òdìkejì títì á tún gbà á lálejò. Ó ti di fèrèsé pa láti ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣí i díẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti ìlú kékeré kan ní orílẹ̀-èdè kejì.

"Wọ́n ń wá ọ̀gá alágbàfọ̀ níbí o! Iṣẹ́ wà, ilé wà, ẹyẹ nìkan ló ń pariwo. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ èsì. Má dójú tì mí o!"

Ọkọ ńkọ́? Ojú ọkùnrin náà ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá, àmọ́ ẹ wá wò ó! Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Òun ló ń gbé àga tó bá hun lọ fún oníbàárà, kò sẹ́ni tó ń dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tó gbọ́rọ̀ náà, ẹ̀rín ló rín.

"Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Ká lọ wò ó ná."

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Alágbàfọ̀ á kó àwo sínú páálí, á tún tú u torí oúnjẹ alẹ́, á tún kó o padà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọkọ̀ ojú irin lọ. Ilé náà dára, ó mọ́. Alágbàfọ̀ ṣí fèrèsé, kò gbọ́ nǹkan kan. Áà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́!"

"Mo gbọ́," lọkọ rẹ̀ wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ ní òun á lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n júwe ọ̀nà fún un: kó yà sọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù kẹta ni. Alágbàfọ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó jáde, ó dúró. Ó dẹ etí sọ́tùn-ún, ó dẹ ẹ́ sósì. Kò sí alágbẹ̀dẹ, kò sí ọkọ̀, kò sí ohunkóhun tó lè sọ fún un pé ibí lo wà. Ọkùnrin tó ń fa ìyàwó rẹ̀ sọdá títì nílùú ńlá tí wọ́n ń gbé wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó fara ti ògiri, ó wọ́ ẹsẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá, ó sì padà.

"Búrẹ́dì ti tán," ló wí.

Alágbàfọ̀ ń rí búrẹ́dì tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹfun ògiri ti kun èjìká ọkọ rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n nù.

"Ibí dáa," lọkọ wí. "Á bá ẹ lára mu. Gba iṣẹ́ náà."

Nígbà tí wọ́n padà sílùú ńlá, ẹ̀yìn ọkùnrin náà nà ṣánṣán. "Dì mí mú. Ilé búrẹ́dì ti ń tilẹ̀kùn. Rọra o, alágbẹ̀dẹ ti tún to irin sójú ọ̀nà." Alágbàfọ̀ wolẹ̀. Lóòótọ́, díẹ̀ ló kù kó fẹsẹ̀ kọ irin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n pè. Ọwọ́ ọkọ dúró lórí àga tó ń hun.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò wá mọ́."

"Kí lo wí? Mi ò gbọ́! Ariwo wo nìyẹn? Ta ló ṣí fèrèsé?"

"Èmi ni!" ló fi igbe dáhùn. Inú ń bí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, etí ń dùn ún. Kò ti fèrèsé náà.