Ṣòkòtò Tó Gba Iṣu Màmá

Nílé tiwa, a kì í jókòó. Bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó nílé wa, ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Bàbá mi, Ọ̀gá Ọláoyè, jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé; bó bá ti ti ilé ìwé, ó di olórí akọrin nínú ìjọ; bó bá kúrò nídìí akọrin, ó di àgbẹ̀. Màmá mi, Àtinúkẹ́, jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì tún ń ta èlùbọ́. Àbúrò Bàbá, Àǹtí Monínúọlá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Adó, kì í dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwa ọmọ mẹ́ta, èmi Ẹ̀bùnọlá àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, Olúgbénga àti Ọlátúbọ̀sún, la jẹ́ ìránṣẹ́ fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá dé, tí ilé ìwé gba ìsinmi, tí Bàbá ní ká lọ ṣe fàájì lórí àpáta, ẹ má rò pé fàájì lásán ni. Màmá á ní, "A kì í gun òkè lọ́wọ́ òfo." Lójú ọ̀nà Ìyìn, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, tó sì dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí rẹ̀ ni Màmá ń sá iṣu èlùbọ́ sí, torí kò sí ẹ̀rọ tó lè gbẹ iṣu bíi oòrùn àti atẹ́gùn ọyẹ́. A ó ru iṣu tí Màmá ti bó, tó ti gé, tó ti bọ̀, a ó gbé e gòkè, a ó tẹ́ ẹ, a ó sì máa yí i padà. Kó tó di pé a tún un yí, a ó jókòó sórí èèpo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, a ó yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wìì! Ètè wa ti la, ẹsẹ̀ wa ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa, ó ń dé Ìyìn. Mo lè búra pé kò sí ọmọ tó gbádùn ọyẹ́ tó wa ní gbogbo Èkìtì.

Bàbá tún ní ohun mìíràn tó ń fi àpáta náà ṣe. Ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ Àǹtí Monínú. Ó ní kò sí ọjọ́ mìíràn tí ọwọ́ òun dilẹ̀, àti pé kò sí fáàrí tí ọyẹ́ kì í tú. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò wá bí a ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Èkejì wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sín sórí iṣu lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá ló lé ìyẹn. Báyìí ni Àǹtí ṣe pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ òrùlé wa, tó ń rán aṣọ ìyàwó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò sì rán tirẹ̀. Bàbá tó bí òun àti Bàbá wa ti kú, Bàbá tiwa ló dúró bíi baba fún un, bí Bàbá bá sì ti ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lọ́dún 1978, láàárín Kérésì àti ọdún tuntun, ó wá kan Adéyẹyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ti ń di iṣu sínú apẹ̀rẹ̀, Àǹtí fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Ẹ̀bùn, èyí ni mo fẹ́ o. Bí Bọ̀dá mi bá tún lé eléyìí lọ, mi ò ní mú ẹlòmíì wá mọ́ láyé mi." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Adéyẹyè sín.

A bá a nísàlẹ̀ àpáta, níbi tó ti ń dúró dè wá. Ọmọ Ìgèdè ni, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ó sì wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ọsàn kan tó fún mọ́ ọn nítan, ṣùgbọ́n tó fẹ̀ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ títí ó fi ń gbálẹ̀. Bó ti dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, eruku sọ, a ò rí i mọ́. Nígbà tí eruku lọ, Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró síbi ẹsẹ̀.

"Adéyẹyè."

"Sà."

"Ọ̀pá aṣọ mélòó ló wọ inú ṣòkòtò yìí?"

"Mi ò bi aránṣọ, sà."

"Apẹ̀rẹ̀ iṣu kan á wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òmíràn á wọ tòsì, àyè á sì ṣẹ́ kù fún ewúrẹ́."

Ẹ̀rín pa wá. Olúgbénga rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àǹtí Monínú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ṣòkòtò náà bí ẹni tí wọ́n ń bú ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Adéyẹyè ò bínú. Ó bọ́ bàtà gíga náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu tó wúwo jù lé orí, ó fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè. Nígbà tí a tẹ́ iṣu tán, ó ní òun náà fẹ́ yọ̀. Mo fún un ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi. Ó jókòó, ó tara sílẹ̀, ó ń ké "Yéè! Ìyá mi o!" títí ó fi wọnú koríko nísàlẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú koríko lórí, ó pariwo sí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo tún lè wá?" Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kàn ń mi orí, ó sì ń fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti kóòtù yìí. Kóòtù dúdú tó nípọn ni, tí Bàbá rà nílùú òyìnbó nígbà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọyẹ́ nìkan ló ń rí i. Àwa ọmọ kì í fọwọ́ kàn án, àní Màmá gan-an ń tọrọ àyè kó tó fọ̀ ọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Màmá ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn apẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lọ kó iṣu tó kù àti ìrẹsì wa wá nínú mọ́tò ìjàpá Bàbá. Wọ́n lọ. Apẹ̀rẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ wa.

Ìgbà náà ni nǹkan dúdú kan fò kọjá níwájú imú mi, tó bà sórí iṣu. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi dúdú. Màjàlà ni. Àwọn kan ti tiná bọ oko lọ́hùn-ún, lódìkejì odò. Iná náà jìnnà, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kọjú sí wa, oko kì í sì í jó kí màjàlà má ṣòfófó. Méjì tún dé. Lẹ́yìn náà, a gbójú sókè, a rí i tí wọ́n ń bọ̀ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Ta ni yóò ra èlùbọ́ tó kún fún eérú?

Màmá mi, nọ́ọ̀sì tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá wa wí, gbàgbé gbogbo ìwé tó kà.

"Uṣu mi! Ẹ gbà mí o, uṣu mi!"

Bí Màmá bá ti pe iṣu ní uṣu, ẹ sá eré. A sá. A kó iṣu sínú apẹ̀rẹ̀, ó kún. Màmá tú gèlè, ó kún. Àǹtí tú ìborùn, ó kún. Èmi fi ẹ̀wù mi gba díẹ̀. Síbẹ̀, iṣu ṣì pọ̀ nílẹ̀.

"Bàbá Gbénga, ẹ bọ́ kóòtù yín!"

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di kóòtù mú láyà. "Kóòtù yìí? Kí n fi kó iṣu? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Adéyẹyè bọ́ síwájú. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo iṣu, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ bá mi yíjú padà." Màmá yíjú. Èmi ò yíjú ní tèmi. Ó bọ́ ṣòkòtò aláwọ̀ ọsàn náà, ó ku òun àti pátá funfun, ó ta kókó sí ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ya ẹnu ìbàdí rẹ̀ gbàgà. "Ẹ máa kó o sí i!"

A ń kó o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kún, tòsì kún, ìdí pàápàá kún. Bàbá náà ń kó. Iṣu tán nílẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Adéyẹyè gbé ṣòkòtò náà kọ́rùn bí bàbá tó gbé ọmọ gun èjìká, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

"Bí a bá fẹsẹ̀ rìn, màjàlà á bá wa lójú ọ̀nà," ni mo kígbe. "Ẹ jẹ́ ká yọ̀!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, a yọ̀! Adéyẹyè ló ṣáájú pẹ̀lú iṣu lọ́rùn. Àǹtí tẹ̀ lé e, ó di ìborùn mọ́ra. Màmá, tí kò yọ̀ rí láyé rẹ̀, jókòó sórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan, kò tún sọ nǹkan mìíràn títí ó fi dé ilẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Èmi tẹ̀ lé e. Bàbá ló gbẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé etí kóòtù sókè kó má baà kan àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jà lófuurufú.

A ń rẹ́rìn-ín lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi níbi mọ́tò létí títì, nígbà tí a gbọ́ orin. Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ láti Ìyìn, àwọn ìyá ìjọ wa ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń kọrin Kérésì tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Adéyẹyè wo ara rẹ̀: pátá, eruku, ṣòkòtò tí kò lè wọ̀, torí bó bá tú u, iṣu dànù. Ó gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò ìjàpá, ṣùgbọ́n mọ́tò náà kéré, kò bò ó.

Àǹtí ò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà ń wò ó. Mo mọ̀ pé bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá rí Adéyẹyè báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Adó ti gbọ́, Bàbá á sì ní ojú ti ìdílé òun.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí tú bọ́tìnnì kóòtù. Ó bọ́ ọ, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó fi wọ Adéyẹyè. Òun fúnra rẹ̀ ló de bọ́tìnnì náà fún un, láti ìsàlẹ̀ títí dé ọrùn.

"Àna mi," ó ní, "dìde dúró, kí o kí àwọn ìyá wa."

Àǹtí Monínú lọgun. Inú mi dùn débi pé mo fò mọ́ Màmá, iṣu ẹ̀wù mi sì tú dànù. Ọkọ̀ ńlá náà kọjá. "Ọ̀gá, ẹ kú ọyẹ́ o! Ṣé kò sí o?" Bàbá dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nínú ọyẹ́, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ń juwọ́. "Kò sí o! Ẹ kú ọdún o!"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá gbé ṣòkòtò náà lé orí mọ́tò. Ó fọwọ́ wá ojú ìránṣọ rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, bó ti máa ń wo ìwé ọmọ ilé ìwé.

"Iṣu tó tó báyìí, òwú kan ò já. Ta ló rán an?"

Adéyẹyè wo Àǹtí. Àǹtí kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Bọ̀dá mi."

Bàbá fà á dìde. 

"Bí o bá rán aṣọ ìyàwó tìrẹ tán," ó ní, "wá rán irú èyí fún mi. Kí ẹnu ẹsẹ̀ tèmi fẹ̀ ju tiẹ̀ lọ."