Koríko Inú Páànù Búrẹ́dì

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà ọkùnrin tó jí láàárọ̀, tó gbàdúrà tán, tó wá bẹ̀rẹ̀ nídìí páànù búrẹ́dì tó ń kí àgbàdo pé ẹ kú àárọ̀ o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń lé e.

Ohun tó ń lé Bàbá Oníbúrẹ́dì ni alápatà. Òjò ti kọ̀, kò rọ̀, koríko ẹ̀yìn ilé ti di ohun ìdáná. Ìyá Abẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, ló ń rìn dé etí odò lárààárọ̀ láti já ewé fún ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Adúmáadán lorúkọ ewúrẹ́ náà. Ó lóyún sínú, síbẹ̀ eegun ìhà rẹ̀ hàn débi pé ènìyàn lè dúró sójú títì kó kà á tán.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, alápatà yà wá. Ó fọwọ́ pa ewúrẹ́ náà lẹ́yìn, ó mirí.

"Màmá, láàárín ẹ̀yin àti ewúrẹ́ yìí, n ò mọ ẹni tó ń sin ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ n máa mú un lọ."

"Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní ni kó o wá," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí, kò wojú ọkọ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé odò mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Oníbúrẹ́dì lára. Òun ló fi ìgò bọ́ Adúmáadán dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Ṣùgbọ́n kí ni yóò wí? Òun alára kò lè rìn dé odò. Èéfín ààrò ogójì ọdún ti kọ́lé sí i láyà, òun ló sì lé e kúrò nídìí búrẹ́dì yíyan. Àdúrà ló kù, ó sì gbà á: "Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò ní abà, má gbàgbé ẹran mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan lórí rédíò sọ pé ènìyàn lè mú koríko tútù hù fún ẹran nínú yàrá, láìní oko, láìní erùpẹ̀. Àgbàdo ni. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ẹ sẹ́ omi rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, koríko dé. "Ẹ wá tẹ́ ẹ sínú àwo tí ó..." Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí.

"Tí ó kí ni?" ni Bàbá Oníbúrẹ́dì bi rédíò.

Rédíò kò fèsì. Bàbá ní kò burú. Ohun tí wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń bò, tó ń wú, ta ni yóò kọ́ òun níbẹ̀? Ó kó páànù búrẹ́dì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ń dán bí ojú omi. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, oṣooṣù ló ń fi eérú fọ̀ wọ́n, tó ń fi aṣọ wé wọn, bíi pé iṣẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yá ọ̀kan rí láti kó ìṣó sí. Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ gbà á padà nínú òjò.

Ó rẹ àgbàdo mọ́jú, ó tẹ́ ẹ sínú páànù mẹ́rin, ó bu omi sí i kó má baà gbẹ, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù níbi tó móoru. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣí i wò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ogójì ọdún ló fi lé àwọn ọmọṣẹ́ kúrò nídìí ìyẹ̀fun tó ń wú. Ṣé ọjọ́ ogbó ni yóò wá máa yọjú wò ó?

Nígbà tó di ọjọ́ Fráìdè, Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di imú.

"Bàbá wa, ṣé ọtí lẹ ń pọn nínú ilé àdúrà yìí ni?"

Bàbá ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àgbàdo ti bu, ó yọ̀, ó hu irun eérú bí àgbọ̀n arúgbó. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú.

"Búrẹ́dì kọ́ lèyí o! Ẹ fooru pa á. Omi tẹ́ ẹ bù sí i náà ò rọ́nà jáde. Tí mo bá fọ aṣọ tí mi ò fún un, tí mo ká a pa mọ́, kí ló máa ṣe?"

"Á rùn."

"Ẹ̀ẹ́n."

Bàbá fọwọ́ lu itan. Àwo tí ó nihò! Ohun tí rédíò fẹ́ wí nìyẹn kó tó kú.

Ó wo inú ilé yí ká. Àwo amọ̀ yóò fọ́, igbá oníke kan ṣoṣo tó wà ti jinlẹ̀ jù. Ó wo páànù rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló da àgbàdo tó bu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òòlù àti ìṣó. Ihò àkọ́kọ́ dùn ún bí ẹni pé ara òun ni wọ́n ń kan ìṣó mọ́. Nínú yàrá, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó lu mẹ́rin tó ti lò náà tán, ó lọ kó ìyókù. Mẹ́ta ló bá.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Páànù kan dà?"

"Bóyá eku ló gbé e."

"Eku wo ló ń gbé irin?"

"Eku tó fẹ́ràn búrẹ́dì ni."

Bàbá kò ráyè wá a. Ó ri àgbàdo tó bu mọ́lẹ̀, kí Adúmáadán má baà fẹnu kàn án. Ó fi omi gbígbóná fọ páànù. Ó rẹ àgbàdo jíjẹ tuntun, kì í ṣe irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa láró. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, páànù kan ló ń tẹ́ lójúmọ́, ó ń rẹ ti ọ̀la nírọ̀lẹ́, ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò dé. Ó ń wọ́n omi sí wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Omi ń kán síṣàlẹ̀, tó, tó, tó. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, a máa kì wọ́n:

"Ẹ kú àárọ̀ o, eléyín funfun,
Amumi-má-mutí,
Adúró-gangan láìtẹ erùpẹ̀,
Ẹ dìde, ẹ dìde, kí alápatà tó dé."

"Ẹ má dárúkọ alápatà fún wọn," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ń pariwo láti ìdí ẹ̀rọ. "Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn ò ní hù!"

Wọ́n hù. Ẹnu funfun kọ́kọ́ yọ, gbòǹgbò tẹ̀ lé e, ọ̀mùnú aláwọ̀ ìyeyè jáde, ó sì di tútù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ọjọ́ alápatà pé, páànù méje tò bí ọmọ ìyá kan náà, látorí àkọ́bí tó ga ju ìka ọwọ́ lọ dé orí àbígbẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú.

Alápatà dé tòun ti okùn. Bàbá dojú páànù àkọ́kọ́ délẹ̀, ó gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń gbá búrẹ́dì tó jinná. Koríko já bọ́ lódindi, gbòǹgbò rẹ̀ hun mọ́ra bí ẹní, ó rí bí búrẹ́dì gan-an.

Adúmáadán fi imú kàn án. Ó yíjú kúrò.

"Bàbá, ó ní ẹ bá òun fi bọ́tà sí i," ni alápatà wí.

Bàbá kò lè rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Ìyá Abẹ́rẹ́ tiro jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa díẹ̀ ya nínú koríko náà, ó sì nà án sí ewúrẹ́ rẹ̀:

"Adúmáadán, abìwo bí oṣù tuntun,
Arìn-gbẹ̀dẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín,
Ọmọ tó fẹnu mu wàrà nínú ìgò,
Gbà á jẹ, ọwọ́ bàbá rẹ ló ti wá."

Ewúrẹ́ náà gbà á. Ó rún un, ó dúró, ó tún rún un. Lẹ́yìn náà ló bọrùn sílẹ̀ sórí ìyókù, ó jẹ ewé, ó jẹ gbòǹgbò, ó lá ilẹ̀.

"Èyí tó kàn ńkọ́?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bi ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀la. Òmíràn lọ́túnla. Màá fọ èyí tó ṣófo, màá tún tẹ́ ẹ lónìí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo páànù mẹ́fà tó kù lẹ́bàá fèrèsé, ó wo orúnkún rẹ̀. Ó yíjú sí alápatà. "Ọmọ mi, máa lọ. Olúwa á fi òmíràn pàdé rẹ."

"Àmín, Màmá." Alápatà ká okùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó bímọ ná. A ṣì máa sọ̀rọ̀."

"Bá baba ńlá ẹ sọ ọ́!" ni Bàbá wí, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín dé ojú títì.

Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ègé aṣọ wé. Bàbá tú u. Páànù kẹjọ ni, ó ń dán, kò sí ihò kan lára rẹ̀.

"Nígbà tí mo gbọ́ òòlù, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá ọ̀kan sí."

"Ìwọ leku náà!"

"Èmi ni." Ó jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Sítóòfù gáàsì yẹn ò ní èéfín. Bàbá wa, ẹ bá mi ṣe búrẹ́dì kan lọ́la."