Ẹran Inú Ẹ̀wà

Gbì. Gbì. Gbì. Ìró odó kékeré tí wọ́n fi àkísà wé nìyẹn, kó má baà dún jáde. Odó tí wọn ò bá wé, ko, ko, ko ló máa ń dún, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ẹnì kan ń gún nǹkan. Èyí tí wọ́n bá wé máa ń dún bí ẹni tó ń fi ìkúùkù lu tìmùtìmù nínú yàrá kejì. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún tí ọkùnrin yìí ti gún ohun tó gún kẹ́yìn nínú rẹ̀, ó sì ti kọjá omi lọ síbi tó jìnnà. Síbẹ̀, bó bá sùn lọ́sàn-án, tí aládùúgbò òkè bá ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbì, gbì, gbì, á lajú sílẹ̀, á sì máa wo àjà.

Alápatà ni wọ́n ń pè é nínú ilé alájà márùn-ún tó ń gbé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi dúró lẹ́yìn gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ó gé ẹran títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi ga ju tòsì lọ. Alápatà ni bàbá rẹ̀ náà. Wọ́n ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ní í jọ. Bàbá rẹ̀ bí ẹkùn kan, ó sì bí ewúrẹ́ kan.

Ewúrẹ́ ni àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án tí òun sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń so màlúù mọ́ di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ àbúrò yìí sì ni láti fún un lómi. Lọ́jọ́ kan, ó gbé omi fún ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí wọ́n fà á jáde, ọmọ náà ń kọjá lọ lọ́wọ́ òfìfo. Màlúù náà yíjú sí i. Ọmọ náà wọlé, ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní òun ò jẹran mọ́.

"Kí ló dé?" bàbá wọn bi í.

"Ó rò pé omi ni mo gbé wá."

Bàbá wọn dúró kó sọ ìyókù. Kò sí ìyókù.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi wàrà náà sílẹ̀. Ó ní ọmọ màlúù ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ màlúù. Bàbá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Nígbà tí àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n á dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n á ní, "Alápatà, a gbọ́ pé ọmọ rẹ ò jẹran."

"Ó ń sinmi ni," ni bàbá wọn á wí, á sì gbé ọ̀bẹ sókè.

Ó sinmi fún oṣù mẹ́ta, ibà sì dá a wó. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Ìyá wọn pe ẹ̀gbọ́n sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gún ẹran gbígbẹ kó kúnná dáadáa, kó o dà á sínú ẹ̀wà ẹ̀. Títí ara ẹ̀ á fi le. Má ṣe jẹ́ kó mọ̀."

Ọ̀rọ̀ àkísà yẹn, ìyá wọn ò dá a. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi dìde, ó ń sáré ká ilé. Ìyá wọn ní, "Ó ti tó, fi sílẹ̀." Ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́rin ló tún fi gún un, títí tó fi fi ilé sílẹ̀ lọ síbi tó jìnnà.

Ajá ilé wọn nìkan ló fura. Ajá tí kì í wo ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ọmọ náà nídìí oúnjẹ, tòun ti itọ́ lẹ́nu. Ìyá wọn ní ajá náà láàánú.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àyà di Alápatà mú lórí àtẹ̀gùn, láàárín àjà kejì sí ẹ̀kẹta. Dókítà tó rí i kéré ní ọjọ́ orí, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ dín ẹran pupa kù. Bọ́tà, wàràkàṣì, ọ̀rá ẹran, gbogbo wọn. Ẹ̀wà, ewé, èso, ẹ fi wọ́n kún oúnjẹ yín."

"Báwo lẹran tí mo lè jẹ ṣe tó?"

"Bí àtẹ́lẹwọ́ yín, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀."

Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó.

"Àtẹ́lẹwọ́ tèmi," ni dókítà wí.

Kí Alápatà tó jáde, ó ní òun fẹ́ béèrè ohun kan. Ọmọ tí kò jẹran, tí kò mu wàrà, ṣé yóò kú? Dókítà ní kò ní kú, bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ dáadáa, tó sì ń lo oògùn fún ohun tí ewé kò ní. Ó béèrè bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Alápatà ní rárá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Láti ìgbà yẹn ni Ewúrẹ́ ti di olùkọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́rú ló ń pè é lórí fóònù láti òkèèrè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ẹ̀wà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ewé."

"Ewé wo?"

"Ewé tútù. Ṣé mo tún máa bi í lórúkọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí ní Ewúrẹ́, ẹ ti wá bá mi nínú agbo báyìí. Ẹ káàbọ̀ o."

"Ewúrẹ́ tó ń lo oògùn!"

"Hóró kan péré lójúmọ́. Tiyín ńkọ́?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ ò rí nǹkan."

Àbúrò yìí kì í wàásù, ìyẹn gan-an ló ń dun Alápatà. Ó ti múra sílẹ̀ de ìwàásù. Nígbà kan tó ní kó kúkú sọ ọ́ pé ẹran ló ń pa èèyàn, Ewúrẹ́ ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá jẹ ẹ́ di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Èmi ò ṣe é nítorí àyà mi, Bọ̀ọ̀dá. Màlúù yẹn ni mo ṣe é fún. Bí àyà mi bá dára, èènì ni."

Ní ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewé, Ewúrẹ́ ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn tí kì í jẹran ní ìlú tó ń gbé máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni àgbà wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwé kékeré kan nípa rẹ̀, pé ó ti di ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí ẹran ò ti kan ètè rẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ ẹlẹ́rìí tó mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Gbogbo wọn ti lọ, ó ku ẹ̀yin. Ìlà méjì ti tó. Ẹ kàn kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ mi ń gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́."

"Màá kọ ọ́," ni Alápatà wí.

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Aládùúgbò òkè dìde, ó rìn lọ sí ilé ìdáná rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tirẹ̀ ti rìn tó ọgọ́ta ọdún, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí òtítọ́ kankan tó ń bọ̀. Òun ló máa dúró dè é. Bó bá kọ ìlà méjì náà, irọ́ rẹ̀ á wọnú ìwé, àbúrò rẹ̀ á sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ pín in kiri. Bí kò bá kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láyé tó ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá mi sì nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì wá kí i, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti ewé nínú àpò. Ó ṣí fíríìjì.

"Bàbá, ẹ tún ti ra bọ́tà."

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Páálí ẹ̀ ò tíì ṣí."

Bàbá fi ti bọ́tà sílẹ̀, ó kúkú jẹ́wọ́ èyí tó tóbi jù. Ọmọbìnrin náà ń já ewé bó ti ń gbọ́.

"Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ló ní kẹ́ ẹ ṣe é."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní."

"Ẹ̀yin wá ṣe mélòó?"

"Ọdún mẹ́rin."

Ó dáwọ́ ewé dúró. "Bàbá! Kí ara wọn lè le ni?"

"Ara ẹ̀ ti le."

"Kí wá ni?"

Ó rò ó. Kò sí ẹni tó bi í rí, nítorí náà kò tíì tún èsì rẹ̀ ṣe. "Bó bá jẹun tán, á fọwọ́ pa ikùn. Á ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò mí, ẹ̀wà lásán rèé o.' Ó máa ń dùn mọ́ mi."

"Kí ló ń dùn mọ́ yín níbẹ̀?"

"Pé kì í ṣe ẹ̀wà lásán."

Ọmọbìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣayọ̀. Ta ni òtítọ́ yẹn fẹ́ ṣe láǹfààní?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá màlúù yẹn."

"Màlúù yẹn ti kú, Bàbá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú."

Kó tó lọ, ó se ẹ̀wà kalẹ̀ fún un. Bàbá jókòó sídìí àwo, ó fi ṣíbí tú u wò títí dé ìsàlẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ dígí, ó gbé fóònù lé orí tábìlì. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ló rí." Ó kà á. Ó dára, ìlà kan péré ni, kò tiẹ̀ tó méjì. Ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́ pé ìyá wọn ló ní kóun ṣe é, ó sì dúró síbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wò ó bí ó ti máa ń wo ẹran tí wọ́n fi ọ̀rá sí nísàlẹ̀ tí wọ́n wá fi tó dára bo orí rẹ̀ kí oníbàárà lè rà á. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tí aago mọ́kànlá kù díẹ̀ kó lù, ó kọ èyí tó fi ránṣẹ́:

"Ewúrẹ́, mi ò lè jẹ́rìí yẹn. Nígbà tí ibà dá ọ wó, Màmá ní kí n máa gún ẹran gbígbẹ sínú ẹ̀wà rẹ títí ara rẹ á fi le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Nígbà tó ní kí n fi sílẹ̀, mi ò fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gún un. Ti Màmá, ìfẹ́ ni. Ìyókù jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ borí rẹ, mo sì ń borí rẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìwọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń jà. Mo fi àkísà wé odó. Ẹnu rẹ ò yẹ̀ rárá, ọwọ́ mi ló dà ọ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹlẹ́rìí, kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mo lè fọwọ́ sí ìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó gún un lẹ́yìn mi. Ajá wa ò fẹ́ràn ẹ̀wà, ṣùgbọ́n tìrẹ ló máa ń jókòó tì. Bó o bá ti mọ̀ látọjọ́ yẹn, sọ fún mi. Bó ò bá mọ̀, bínú sí mi, màá gbé fóònù lọ́jọ́rú. Mo jẹ ẹ̀wà lánàá. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."