Abọ́ Yìnyín Abẹ́ Tábìlì

“Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ ti abọ́ yẹn sẹ́yìn. Ẹ fa aṣọ tábìlì bò ó. Àwọn àlejò ò gbọdọ̀ rí i,” ni Dókítà Ọládọ̀tun wí.

Àsíátà kúnlẹ̀, ó ti abọ́ ike náà títí ó fi kan ògiri. Yìnyín kún inú rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan ti orí tábìlì wálẹ̀, ó ki orí bọ omi. Ó ṣọ́ra kí ọwọ́ rẹ̀ má kàn án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé yìí dé ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á. Kò ní ìbòrí kankan. Gbogbo ìfun rẹ̀ ló wà níta, tí iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú láàárín wọn.

Dókítà Ọládọ̀tun ń jẹ ẹran díndín nínú ọ̀rá, ó ń pọ́n ìka lá. Òun ni ọ̀gá ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí Àsíátà ti ń ṣiṣẹ́, ní Ṣàpọ́n, níbi tí àwọn aláìní tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ti ń gba oògùn abẹ́rẹ́. Àpótí tí wọ́n ń kó oògùn náà sí ló wà lórí tábìlì, tí wọ́n so bọ́ọ̀dù náà mọ́. Àwọn àlejò tó fi owó ẹ̀rọ òtútù ránṣẹ́ ló ń bọ̀ wá wò ó. Owó ọ̀hún ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí Dókítà kọ́ sí Alábàtà. Àsíátà ti bá wọn gbá àwọn yàrá ibẹ̀ rí.

“Sà, bọ́ọ̀dù ìdánwò tó ń darí òtútù àti ooru lèyí,” ni Dìran wí, ọ̀dọ́kùnrin tó wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. “Nǹkan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ni wọ́n ń fi í dán wò. Kò lè mú àpótí tó tóbi báyìí tutù.”

“Ṣebí ìwọ̀n òtútù méjì ni kọ̀ǹpútà ń kọ yẹn. Ṣé kò tutù tó?”

“Òtútù abọ́ ló ń kà, sà, nítorí ẹ ní kí n yọ wáyà kúrò nínú àpótí. Ohun tí wáyà bá sì sọ fún un ló máa gbà gbọ́. A ti ní kí ó dúró sórí mẹ́rin. Bó bá ti rí méjì, á rò pé àpótí ti tutù jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ooru sí i. Bí àwọn àlejò bá ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á kíá.”

Dókítà nu ọwọ́ sára aṣọ tábìlì, ó fi àpòòwé kan sínú àpò Dìran, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká. Dìran bojú wo àpótí, ó bojú wo ilẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

“Kí yìnyín yẹn má tán o, Ìyá Mọ́nsúrù. Ó di ìgbà tí mo bá ní ó tó.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Àwọn àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìlà tó ń rìn tọ́ọ́rọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ya fọ́tò. Dókítà kó wọn lọ jẹun, kò sì wẹ̀yìn.

Àsíátà jókòó ti tábìlì. Ó gbọ́ ohun tí Dìran sọ, ṣùgbọ́n ta ló rán an níṣẹ́? Fáànù ń kùn. Nígbà tó yá, òórùn ike tó ń gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó gbìyànjú, ó tẹ Dókítà láago.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rọ yìí… ṣé kí n pa á?”

“Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Yìnyín ni mo fà lé yín lọ́wọ́!”

Ó ra yìnyín sí i. Ó ń dà á sínú abọ́, ó ń dà á, títí oòrùn fi wọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dókítà tó padà. Ó ṣí àpótí, ooru gbá a lójú. Bébà orúkọ ti ń bó lára àwọn ìgò, oògùn tó mọ́ gaara láàárọ̀ ti dà bí omi ògì. Ó ṣépè. Lẹ́yìn náà ló da gbogbo ìgò náà sínú abọ́ abẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ ọlọ́ràá rò ó yípo bí ẹni ń fọ ẹ̀wà.

“Ó ti ń tutù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú yìnyín mọ́jú, kí ẹ nù wọ́n láàárọ̀. Ọ̀la la máa pín in.”

“Sà, ó ti…”

“Ṣé iṣẹ́ ti sú yín ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Bùsírátù wà lára àwọn tó tò. Ẹ̀gbọ́n Àsíátà ni, aláró ni ní Ìjẹmọ̀. Aró kò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí. Ó gba ìgò, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Ó tutù nini! Ọlọ́hun ó san Dókítà lẹ́san rere.”

Dókítà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àsíátà lanu. Ó wo Dókítà.

“Àmín,” ló wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi gbé Bùsírátù padà wá. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà, ọwọ́ aláró méjèèjì rọ̀ dirodiro. Ràhámátù ọmọ rẹ̀ ló gbé e lé ẹsẹ̀.

“Kò gún abẹ́rẹ́ rẹ̀,” ni Dókítà wí, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa.

“Èmi ni mò ń gún un fún un, sà. Mi ò fo ọjọ́ kan.”

“Irọ́. Ẹ kì í gbọ́ràn, mínírà lẹ máa ń mu. Tí ẹ bá wá kú tán, ẹ ó ní oògùn ọ̀fẹ́ ni kò dáa.”

Ràhámátù yíjú. “Àǹtí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Àsíátà ń wo fọ́tò àwọn àlejò lára ògiri. Fóònù Dókítà dún. Ó gbé e, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó ní, “Ìyá Mọ́nsúrù, wọ́n tún ń kó àwọn míì bọ̀ wá wo ẹ̀rọ náà. Ẹ wá yìnyín lọ.”

Èémí Bùsírátù fà, ó dúró. Kò tún fà mọ́. Ràhámátù figbe ta.

Àsíátà bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa abọ́ jáde. Bébà orúkọ ìgò kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá Ràhámátù ń wò ó. Ó fi èékánná họ ọ́ títí tó fi kúrò, ó ká a róbótó sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé abọ́, ó jáde lọ sọ́dọ̀ oníyìnyín.