Nọ́ńbà Ìrù Bàálù

Tí èèyàn bá wọ ilé Ọládiméjì ní Mákun, ní Ṣàgámù, lásìkò ọyẹ́, nǹkan méjì ló máa kọ́kọ́ rí. Èkíní ni obì: obì nínú apẹ̀rẹ̀, obì lórí ewé, obì tí wọ́n rẹ sómi nínú báàfù, nítorí òwò obì ni Hàmdálátù ìyàwó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èkejì ni bàálù ogun kan tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀, lábẹ́ ìdérí oníke tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà á.

Bàálù náà kò gùn ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ lọ. Inú páálí ló ti wá, ní wẹ́wẹ́ bí egungun ẹja. Ọládiméjì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì fi sáńpépà fá àwọn oríkèé rẹ̀ títí ìka kò fi mọ ibi tí nǹkan méjì ti pàdé mọ́. Títún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Ní ti bàálù, ẹnì kan kò kọ́ ọ. Ó ń wò ó lórí fóònù ni, èyí tó bá bàjẹ́, á tún un ṣe. Kódà ẹ̀rọ tó ń fún ìbọn ọ̀dà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́, inú fíríìjì kan tó ti kú ló ti yọ ọ́. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ronú kàn án pé ohun tó ń mú omi dì tẹ́lẹ̀ ló wá ń fọ́n ọ̀dà báyìí, tí ariwo rẹ̀ kò sì ju ti ológbò tó ń sùn lọ.

Àwọn aládùúgbò kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Yísà," ni Moyọ̀sọ́lá, aránṣọ tó wà ní ilé kejì, máa ń wí láti ojú fèrèsé, "tí ẹ bá ti fẹ́ fò, ẹ yà wá mú mi o. Ògèrè lásán ni mo ń lọ."

"Tí o bá ti lè kéré tó èèrà, máa bọ̀," ni Ọládiméjì máa ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n tòun ti yẹ̀yẹ́ náà, ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí Bàbá Lìádì ló ṣe ra bàálù yìí.

Bàbá Lìádì ni bàbá tó bí Hàmdálátù. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ológun òfuurufú ló ṣe, ní Kàǹjì. Kì í ṣe pé ó ń wa bàálù. Òun ló ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Á gun àkàbà lọ sí ìdí ìrù bàálù, á na okùn tó ti kùn ní ẹfun láti fi fa ìlà, á sì kọ nọ́ńbà tí èèyàn lè kà láti òdìkejì pápá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wá sí Ṣàgámù, ó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Àfi bí àìsàn ṣe mú un ní ọwọ́ ọ̀tún, tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti ìgbà òjò tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ òsì ló fi ń mu tíì, òun tó jẹ́ pé ó máa ń lu Hàmdálátù lọ́wọ́ ní kékeré tó bá fi òsì bu oúnjẹ. Tí àlejò bá wọlé, á ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan. Gbogbo ilé mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ọládiméjì náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sí iwájú àga bàbá ní pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀ nígbà tó ń lẹ ìyẹ́ bàálù, kò sọ̀rọ̀ nígbà tó ń fá a. Ọjọ́ tí Ọládiméjì fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i lẹ́yìn ni bàbá wú ikọ́.

"Ewé yẹn ti tutù jù."

"Bàbá?"

"Mo ní ó tutù jù. Ewé inú agolo nìyẹn. Bàálù tó ti jókòó sínú oòrùn Kàǹjì, ewé rẹ̀ á ti ṣá. Fi funfun díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí! Àbí ògì lo fẹ́ pò ni?"

Ọládiméjì fi orí igi ìtayín yọ funfun díẹ̀, ó pò ó mọ́ ewé, ó tún un fọ́n. Nígbà tó gbẹ, bàálù náà yí padà lójú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Báyìí, ó dà bí ohun tó ti ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà ìrù nìkan ló kù. Àwọn sítíkà tó wá nínú páálí, ti ilẹ̀ òkèèrè ni. Ọládiméjì fi téèpù gé òbìrí, ó fi ọ̀dà kun àmì ológun òfuurufú ilẹ̀ wa, ewé, funfun, ewé, sí ara bàálù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kéré tó báyẹn kọjá ohun tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè kọ. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ bá Jùwọ́n, tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní Ìkẹ́nnẹ́, pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí irú bébà kan tí awọ orí rẹ̀ máa ń bọ́ nínú omi bíi sítíkà. Bébà méjì péré ni ẹni tó ti òkè òkun dé bá a mú wá. Èkíní ti ṣòfò: wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi fáníìṣì bò ó, bó ṣe kan omi ni gbogbo nọ́ńbà yọ́ di aró. Èkejì ló kù. Nọ́ńbà méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì ìrù, ọ̀kan fún ọ̀tún. Tí ọ̀kan bá ya, ó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Ọládiméjì wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí eruku ọyẹ́ má bàa dìde, ó sì ṣí ìdérí kúrò lórí bàálù. Ó ti fi fáníìṣì tó ń dán kun ún láti àná. Ọ̀dà bàálù ogun kì í dán, ohun tí kò bá sì dán, tí a bá sún mọ́ ọn dáadáa, bíi sáńpépà ló rí. Tí wọ́n bá lẹ sítíkà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà, á máa tàn yànràn lábẹ́ sítíkà bí ìpẹ́ ẹja. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ dán, kí wọ́n tó wá pa dídán náà nígbẹ̀yìn.

Ó gé nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi ẹ̀mú kékeré tẹ̀ ẹ́ bọ omi nínú àwo tíì, ó dúró. Nígbà tí sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí bébà rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tì í bọ́ sí ara ìrù, ó fi aṣọ fa omi rẹ̀ mu. Ó gbé orí sókè, ó mí kanlẹ̀.

"Jẹ́ kí n fi èkejì sí i," ni Bàbá Lìádì wí.

Hàmdálátù, tó ń bó obì lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, dáwọ́ dúró. "Bàbá, ọwọ́ yín..."

"Mo mọ ọwọ́ mi, Hàmdálá. Èmi ni mo ni ín."

Ọládiméjì wo nọ́ńbà tó kù lórí bébà. Tó bá ya, bàálù á ní nọ́ńbà ní apá kan, á wà ní ìhòòhò ní apá kejì. Ìyẹn kọ́ ló bà á lẹ́rù jù. Tó bá ya mọ́ bàbá lọ́wọ́, ọwọ́ yẹn á padà sábẹ́ itan, kò ní jáde mọ́. Tí òun bá sì ní kí bàbá má ṣe é, ibẹ̀ náà ló máa padà sí.

"Ẹ sún mọ́ ibí, Bàbá," ló wí.

Ọwọ́ náà jáde. Ó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, láìdáwọ́ dúró, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nínú ògiri. Ìrònú ẹ̀rọ yẹn ló ran Ọládiméjì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹ̀rọ ìdí fíríìjì má gbọ̀n. Rọ́bà ni wọ́n ń fi sí i lẹ́sẹ̀, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má bàa dé ara fíríìjì. Ó yára lọ sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin wá, ó gbé pátákó lé wọn, ó sì ní kí bàbá gbé ọrùn ọwọ́ lé e. Bàbá tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un tẹ̀.

"Èyí mọ́gbọ́n wá," ló wí.

Ọládiméjì gé nọ́ńbà tó kù, ó rẹ ẹ́ sómi, ó wá bu omi púpọ̀ sára ìrù kí nọ́ńbà lè rí ibi léfòó. Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì ti sítíkà náà. Ó bọ́ kúrò lórí bébà, ó gun orí omi, ó yí, ó dúró. Kò ya. Ọládiméjì fa omi rẹ̀ mu.

Ó wọ́. Ojúkójú ló máa rí i. Ìdí ẹyọ tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà náà ti lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni í dúró lójú àna rẹ̀ kó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára? Ọládiméjì kò tíì dúró tààrà kí bàbá yìí láti ọjọ́ ìdána. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí i. Ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ.

"Ó dára, Bàbá. Ó gún régé."

"Ọwọ́ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀!" ni Hàmdálátù ké. "Alihamudulilai!"

Bàbá wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó wá wo ìrù bàálù. "Ó gún?"

"Ó gún dáadáa, Bàbá."

Bàbá Lìádì gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa àga rẹ̀ padà sẹ́yìn, síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀dà, ó sì kọjú sí fèrèsé.

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n," ló wí. "Mi ò sọ fún ẹnì kan pé ojú mi ń gbọ̀n."

Níta, ọlọ́kadà kan kọjá lọ. Ọládiméjì jókòó síwájú bàálù náà. Ó rántí ìtàn kan tí bàbá fẹ́ràn láti máa sọ, ti ọ̀gá wọn kan ní Kàǹjì tó wo nọ́ńbà tó wọ́ díẹ̀, tó ní, "Lìádì, gun àkàbà yẹn, lọ ha á kúrò." Bàbá kì í sọ ìtàn náà pẹ̀lú ìtìjú rárá. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́. Ọmọ kékeré tó kọ A-B-D ni wọ́n máa ń yìn láìwo ohun tó kọ. Oníṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó wọ́."

"Bàbá Yísà!" ni Hàmdálátù wí, ó bo ẹnu.

Bàbá kò yíjú padà. "Níbo?"

"Ìdí ẹ̀. Ẹyọ tó kẹ́yìn ti lọ sílẹ̀."

"Báwo ló ti tó?"

"Bí ìbú ìrẹsì kan."

"Irọ́ nìyẹn. Kò tó ìrẹsì. Ààbọ̀ ìrẹsì ni." Bàbá yí àga rẹ̀ padà. "Ṣùgbọ́n ó wọ́. Kí lo wá ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ ṣe? Ó ń gbẹ!"

Ó ti ń gbẹ lóòótọ́. Bàbá na búrọ́ọ̀ṣì sí i, nọ́ńbà náà kò mì. Ọládiméjì mú ẹ̀mú láti fi fa etí rẹ̀.

"Ẹ má fà á!" Hàmdálátù ti dìde lórí àpótí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bó obì ni? Awọ tí kò tíì rọ̀, tí ẹ bá fà á, á bu ara obì lọ. Ẹ bomi sí i, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ á sọ fún yín tó bá ṣe tán."

Wọ́n bomi sí i, wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jókòó yí bàálù ká bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò. Hàmdálátù ní ọkùnrin ilé òun kò mọ sùúrù, fíríìjì tó ń tún ṣe ló ń bá a tutù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí Hàmdálátù fi orí ìka kan etí sítíkà náà, ó ní, "Ó ti rọ̀."

Bàbá fi ọrùn ọwọ́ lé pátákó, ó fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ìdí nọ́ńbà. Kò tì í. Ó kàn fi í síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, omi ń gbọ̀n, nọ́ńbà náà wá ń rìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fìka lu ojú gíláàsì géèjì kí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó há lè sún síbi tó yẹ kó wà. Ọládiméjì rí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti mí. Rọ́bà ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbọ̀n náà. Ìwọ̀nba tó kù ló ń ṣiṣẹ́.

"Dúró níbẹ̀," ni bàbá sọ fún nọ́ńbà náà. "Aṣọ."

Ọládiméjì fa omi mu. Bàbá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Lókè, etí ẹyọ àárín ti ká díẹ̀, ó fi funfun bí ẹnu abẹ́rẹ́ hàn.

"Èyí tó ká yẹn, màá fi ọ̀dà dí i lọ́la," ló wí. "Wá búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù fún mi. Nísinsìnyí, báwo ló ti rí?"

Ọládiméjì tẹ̀ síwájú, ó fi ojú kan wò ó, ó fi ojú méjèèjì wò ó. "Ó gún, Bàbá."

"Ṣé ẹnu àna nìyẹn, àbí ẹnu oníṣẹ́?"

"Ẹnu oníṣẹ́ ni, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ń gbọ̀n, yí bàálù náà padà láti wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó wọ́," ni Bàbá Lìádì wí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Hàmdálá, bu omi wá."