Ilé Tí Kò Gba Akẹ́kọ̀ọ́

Ilé-ìwé girama ni ilé tí à ń gbé yìí tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó sọ fáwọn olówó pé ẹni tó bá náwó lé e lórí, tó tún un ṣe fáwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan, àwọn yóò dín owó orí rẹ̀ kù. Bí a ṣe ríbi forí pamọ́ sí ní Baltimore nìyẹn. Wọ́n kun ògiri, wọ́n ṣe ilé ìdáná sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò yọ pátákó ìkọ̀wé kúrò. Vernell Tibbs, ọ̀rẹ́ mi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń gbé ní kíláàsì ìṣirò. Ibẹ̀ gan-an ló jókòó sí nígbà tó lóyún lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde kí àwọn ọmọ gidi má baà rí i.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó gba ìwé ẹ̀rí girama, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, bó bá ti lè máa wá lójoojúmọ́ bíi tàwọn ọmọdé. Ká má purọ́, ó yọ wá lẹ́nu. Bí o bá kí i káàárọ̀, á ní òun ń kánjú, òun ní ìdánwò.

Keonna, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ilé, ló pè é fún àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilé ṣì tọ́ sí wa. Èmi náà tẹ̀ lé e, torí n kì í fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ṣé nǹkan kan yí padà, mà?"

"Ó yí padà o!" Vernell na ọrùn. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ."

Ojú Keonna wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Òfin owó orí yẹn ló fà á. Wọn kò fẹ́ kí àwọn ọmọ yunifásítì gba ilé mọ́ tálákà lọ́wọ́, nítorí náà, bí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alójoojúmọ́, yàrá náà kò tọ́ sí wọn. Vernell nìkan ló sì ń gbé yàrá tirẹ̀.

"Ẹ fẹ́ lé e kúrò nílé-ìwé torí pé ó ń lọ sílé-ìwé?" mo pariwo.

"Màmá Lorraine, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Bí Màmá yìí bá dín kíláàsì wọn kù, ọ̀rọ̀ parí."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì á gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ mi." Ohùn Vernell ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti lé mi jáde níbí rí, Keonna."

Ọmọ náà họrí. "Ọ̀nà kan ló kù. Òfin yẹn kì í mú tọkọtaya, kódà kí àwọn méjèèjì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́."

Èmi àti Vernell wo ara wa. A mọ ẹni tó kàn.

Clyde Purnell, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń dá gbé nísàlẹ̀, nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń gbé páì ọ̀dùnkún gòkè wá bẹ Vernell pé kó fẹ́ òun. Vernell á jẹ páì tán, á ní òun kò wá ọkọ. Lọ́jọ́ yìí, Vernell fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn Clyde, èmi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Mo rò pé ọkùnrin náà yóò fò sókè. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó kó ẹsẹ̀ léra.

"Ilé lo fẹ́ fi mí gbà. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni mí?"

"Clyde, jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́ sókè, n ò gbọ́."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ibi tó ti ń ṣe yàǹgà lọ́wọ́ ni Keonna yọjú. "Dádì Purnell, àyẹ̀wò tiyín ló kù. Ṣé nǹkan kan yí padà?"

Ẹsẹ̀ Clyde bọ́ sílẹ̀. Ikọ́ gbé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì, mo sì fa báàgì ìwé tuntun kan jáde. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Vernell ló wà lára rẹ̀.

"O ní o ò ráyè fún mi mọ́, ìwé lò ń kà," Clyde ń sọ fún Vernell wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní kí n wá bá ọ níbẹ̀. Inú kíláàsì ìṣirò yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́yìn pátápátá, ni mò ń jókòó sí. O kì í bojú wẹ̀yìn."

"Ojoojúmọ́?" Keonna bi í.

"Ojoojúmọ́."

Keonna káwọ́ lérí. Òfin yẹn ti mú Clyde náà. Èmi rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Vernell kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ léra.

"Bẹ̀ mí. Sọ ọ́ sókè."

Clyde kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké. "Fẹ́ mi, Vernell."

"Torí ilé?"

"Kí wọ́n lé mi tí wọ́n bá fẹ́. Ibi yòówù kí n wà, màá máa gbé páì wá."

Vernell nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn iwájú la máa gbà jáde."

Lẹ́yìn tí a jùmọ̀ gbé ọkùnrin náà dìde nílẹ̀, a lọ wá pásítọ̀. Ó so wọ́n pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ní kùtùkùtù àárọ̀, torí ìdánwò ìṣirò wà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ará ilé ló tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Vernell gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká lórí aṣọ ìyàwó. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó dúró, ó di ọwọ́ mi mú.

"Lorraine, ṣé wọ́n ń wò mí?"

"Gbogbo wa là ń wò ọ́," mo ní, mo sì bú sẹ́kún.